Wéré Ìkẹyìn Tí Wàídì Fi Sínú Ẹ̀rọ

Wàídì, ọmọ ìyá wa, ọdún mẹ́ta rèé tí o ti lọ láì dágbére. Ọdún mẹ́ta! Ààwẹ̀ ku ọjọ́ díẹ̀ nígbà náà, bó ṣe ku ọjọ́ díẹ̀ báyìí. O jẹun tán, o ní kí wọ́n bu omi wá. Kí omi ó tó dé, o ti lọ. Ikú ò tiẹ̀ jẹ́ kí o mu omi náà, ìkà ni ikú!

Àwa ẹbí rẹ ní Johannesburg ní kí a ròyìn ilé fún ọ, kí o má baà rò pé a ti gbàgbé. A ò gbàgbé o.

Muqtadir ti wọ yunifásítì. Ó ti ga jù ọ́ lọ. Irùngbọ̀n ti ń yọ lágbọ̀n rẹ̀, ojoojúmọ́ ló sì ń fá a, àmọ́ bó bá rẹ́rìn-ín, ìwọ náà la rí. Hasanat ti ń gba ààwẹ̀ pé. Bí a bá bá a sọ Yorùbá, òyìnbó ló fi ń dá wa lóhùn, ṣùgbọ́n jẹ́ kí inú bí i díẹ̀! Yorùbá Ìwó gidi ló ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ti ẹnu rẹ gẹ́lẹ́. Ilé tí o fi sílẹ̀ ní Ìwó láì ní òrùlé ti ní òrùlé. Kamil àbúrò rẹ ló dúró tì í, kò jẹ́ kí kápẹ́ńtà ó ráyè jí pákó. Ṣọ́ọ̀bù rẹ ní Turffontein ṣì ń ṣí láràárọ̀. A kì í tún tẹlifíṣọ̀n ṣe níbẹ̀ mọ́. Ìbòrí àti lọ́fínńdà ni Jemilat ń tà, ọjà sì ń yá, Alihamudulilai.

Jemilat! Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ gan-an la bá wá.

Ìyàwó rẹ ò tíì yí padà, Wàídì. O mọ̀ ọ́n. Bí ènìyàn bá kí i pé ẹ káàárọ̀, yóò kọ́kọ́ yọjú wo ojú ọ̀run bóyá ilẹ̀ ti mọ́ lóòótọ́. Kamil fi ẹja gbígbẹ ránṣẹ́ láti ilé, ó béèrè pé ẹja èwo ló mú kúrò nínú rẹ̀ kó tó dì í. Àǹtí Shukurat, ẹ̀gbọ́n wa àgbà, gbé ọbẹ̀ wá fún un, ó dúpẹ́, ó kúnlẹ̀, ó wá ní, "Àǹtí mi, ṣé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ o?" Ní ọ̀sẹ̀ tí a sin ọ́ gan-an ni wọ́n tún wá já fóònù rẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀, nídìí robot, iná tí ń dá ọkọ̀ dúró, pẹ̀lú gbogbo wéré rẹ tó wà nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, òjìji ara rẹ̀ pàápàá, ó ń fura sí i.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí yóò ní wéré wo? Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́, torí àwọn ọmọ tí a bí síhìn-ín.

Ní Ìwó, ìwọ ni olórí ajíwéré àdúgbò wa. Ìwọ lo máa ń kó àwọn ọmọkùnrin jọ tí ẹ ó fi orin jí gbogbo ilé fún sàárì, tí ẹ ó máa dárúkọ olóorun kọ̀ọ̀kan, tí ẹ ó máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí wọn ó fi dìde. O dé Johannesburg, ta ni o fẹ́ ṣe wéré fún ní ìdájí ní Turffontein? Aládùúgbò á pe ọlọ́pàá! Ni o bá lọ ra kọ̀ǹpútà àtijọ́ lọ́wọ́ tọkọtaya òyìnbó arúgbó kan tó ń kó lọ, irú èyí tí àwọn ènìyàn ń lò nílé láyé ọjọ́un, tí bọ́tìnnì rẹ̀ àti ara rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, tí wọ́n máa ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n. A fi ọ́ rẹ́rìn-ín. A ní kí lo fẹ́ fi pátákó ṣe? O kàn ń tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ lọ. Ìgbà tí sàárì àkọ́kọ́ pé, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í dún, tín-tín-ín-tìn, a sì gbọ́ orúkọ ara wa nínú rẹ̀! Bí ìlù ṣe ń sọ̀rọ̀ ló ń sọ ọ́; ọmọ Yorùbá wo ni yóò gbọ́ ohùn orin tí ò ní mọ ohun tó ń wí? O bú Kamil nítorí ìhanrun rẹ̀, nígbà tó ṣì wà lọ́dọ̀ wa. O ní kí Àǹtí Shukurat gbé rìmóòtù sílẹ̀. A rẹ́rìn-ín títí oúnjẹ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ há wa lọ́fun.

Ọdọọdún ni o máa ń ṣe tuntun, o kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ kí sàárì àkọ́kọ́ tó dé. Ti ọdún ìkẹyìn, o parí rẹ̀. O sọ fún Jemilat pé, "Ìwọ ni mo fi ti ọdún yìí ṣe. Wàá bínú, wàá sì rẹ́rìn-ín." Ó bẹ̀ ọ́, o kọ̀. O ní kó dúró de ààwẹ̀. Ààwẹ̀ dé, ìwọ ò sí níbẹ̀.

Jemilat ṣe opó rẹ tán kó tó lè fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà. Ó tan án. Àwòrán jáde, orin ń sáré lọ lójú tẹlifíṣọ̀n, ohùn ò jáde. Ohùn ẹ̀rọ náà ti kú! Orin ọkọ rẹ̀ ń la ẹnu níwájú rẹ̀ bí ẹni tó wà lẹ́yìn gíláàsì, kò sì gbọ́ nǹkan kan. Lọ́dún yìí ni Muqtadir yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní wọn ò ṣe ẹ̀yà tí ń mú ohùn jáde mọ́ níbi kankan láyé. Àmọ́ ó ní bí a bá lè kó ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú lápútọ́ọ̀pù, lápútọ́ọ̀pù yóò kọ ọ́ bí ẹ̀rọ náà ṣe máa kọ ọ́. Adápútà kan la nílò, èyí tí wọ́n ń pè ní síríà, tí ń kó ọ̀rọ̀ jáde ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí èrò ṣe ń tò gba ẹnu ọ̀nà tóóró. Kí a sì yára, torí àpótí tí ń ka dísíkì ti ń kérora bí arúgbó tó fẹ́ dìde lórí ẹní. Bó bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́, ó parí nìyẹn. Wéré rẹ ìkẹyìn á lọ, láìsí ẹni tó gbọ́ ọ rí.

Ìgbà tí Jemilat dáwọ́ lé wíwá adápútà yìí ni ojú wa rí nǹkan.

Ó kọ́kọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Marshalltown. Ọmọkùnrin tó ń tajà fi ọ̀kan lé e lọ́wọ́ nínú ọ̀rá. Ó ní, "Shap, Mama, this one fits everything." Jemilat wò ó látòkè délẹ̀. Lọ́kàn ara rẹ̀, ohun tó bá ti lè bá gbogbo nǹkan mu, kò ní bá nǹkan kan mu. Ó rà á pẹ̀lú ìfura yẹn. Ó délé, ihò ẹ̀yìn ẹ̀rọ rí roboto, ẹnu adápútà sì gùn gbọọrọ bí ẹnu ẹja àrọ̀. Ó padà lọ. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wọn, ó ń sọ fún gbogbo oníbàárà tó ń wọlé pé kí wọ́n wo ọjà wọn dáadáa, títí tí wọ́n fi yára gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀.

Muqtadir wá bá àwọn tó fẹ́ràn kọ̀ǹpútà àtijọ́ sọ̀rọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹnì kan dáhùn, Ezra Fẹ̀hìntọlá ni orúkọ rẹ̀, olùkọ́ yunifásítì, ó ń gbé ní Roodepoort. Ó ní òun lè kan adápútà náà fúnra òun, òun ò sì ní gba nǹkan kan. Inú Muqtadir dùn. "Mummy, he's one of us!"

Èyí gan-an ló bà á lẹ́rù jù! Ọmọ Yorùbá, ní Roodepoort, tó ń kó ẹ̀rọ àtijọ́ jọ, tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún opó tí kò mọ̀ rí? Jemilat ní, "Kí ló fẹ́? Ẹ sọ fún mi, kí ni ọkùnrin yẹn fẹ́?"

Ọkùnrin náà ní kó gbé ẹ̀rọ wá. Jemilat pariwo pé, "Kí n gbé ẹ̀rọ ọkọ mi lọ sí Roodepoort? Èmi Jemilat?" Ó ní ó dáa, òun á wá. Jemilat ní, "Kó wá wo ibi tí a gbé e sí, àbí?" Ó ní kí wọ́n kúkú sọ orúkọ ẹ̀rọ náà fún òun. Jemilat ní kí Muqtadir má dán an wò, torí ẹni tó bá mọ orúkọ ẹ̀rọ á mọ iye tó tó, ẹni tó bá sì mọ iye tó tó, olè ò jìnnà sí i. Àǹtí Shukurat béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, "Jemilat, báwo wá ni télọ̀ ṣe máa rán aṣọ tí kò wọn?"

Ni ìyàwó rẹ bá ronú, ó sì rí ọgbọ́n kan dá. Wàídì, o rántí bí a ṣe ń ra bàtà fún ará ilé? Wọn á ní kí ẹni náà tẹ ẹsẹ̀ mọ́ pépà, wọn á fi pépà ránṣẹ́. Ó fi tìróò pa ẹ̀yìn ẹ̀rọ níbi ihò yẹn, ó tẹ pépà mọ́ ọn, ó ṣí i. Gbogbo ihò kéékèèké inú rẹ̀ jáde lórí pépà ketekete, márààrún. O ti fi ọ̀dà pupa kékeré sàmì sí ihò kan nígbà ayé rẹ, ihò tí ẹ̀rọ fi ń sọ̀rọ̀. Èyí tó fi ń gbọ́rọ̀ wà ní òdìkejì rẹ̀. Ó wo ibi tí pupa wà, ó fi ìtọ́tè pupa sàmì sí ojú rẹ̀ lórí pépà. Ó ya fọ́tò pépà, ó fi ránṣẹ́, ó ní ibi pupa ni ẹ̀rọ fi ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò sọ bó ṣe rí i yà. Inú rẹ̀ dùn gan-an. Ọkùnrin náà rí ihò, kò rí ẹ̀rọ!

Nígbà tí adápútà parí, Jemilat ò jẹ́ kí ọkùnrin náà mọ ilé wa. Iwájú mọ́ṣáláṣí ló dá fún un, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, níbi tí èrò pọ̀ sí. Kristẹni ni ọkùnrin náà, ó dúró láàárín àwa tí a ń wá bàtà wa, ó di adápútà mú sáyà, ó ń kí gbogbo ènìyàn. Muqtadir dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi, ó ń ka nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ bí ìyá rẹ̀ ṣe rán an. Ojú ti ọmọ náà débi pé kò lè gbé orí sókè.

A délé. A ki adápútà bọ̀ ọ́, ó wọ inú ihò rẹ́gí. A tan ẹ̀rọ, a tan lápútọ́ọ̀pù. Dísíkì kérora, kérora. Lápútọ́ọ̀pù ń retí, kò rí nǹkan kan gbà. A yọ ọ́, a tún un kì bọ̀ ọ́. Òfo!

"Mo sọ bẹ́ẹ̀!" Jemilat fò sókè. "Mo sọ bẹ́ẹ̀, ẹ ní mo ti ń ṣe jù! Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó má ṣiṣẹ́ ni, kí n lè ní kó wá gbé ẹ̀rọ!" Ó ki fóònù mọ́lẹ̀, ó sọ̀rọ̀ sí ọkùnrin yẹn débi pé Hasanat ń fà á láṣọ, "Mummy, please." A rò pé ọkùnrin náà á bínú. Ohùn ló fi ránṣẹ́ padà, jẹ́jẹ́: "Ìyá Muqtadir, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí n fi ojú rí i lẹ́ẹ̀kan péré. Mi ò ní fọwọ́ kàn án tí ẹ ò bá ní kí n fọwọ́ kàn án."

Jemilat ní kò sí ohun tó jọ ọ́. Àmọ́ lọ́jọ́ kejì, ó tan ẹ̀rọ láti wo orin náà bó ṣe máa ń wò ó, àpótí dísíkì kọ̀, kò ka nǹkan kan. Ó pa á, ó tún un tàn, ó ń bẹ Ọlọ́hun. Nígbà tó yá ló tó kà á. Àǹtí Shukurat tó jókòó tì í ní, "Jemilat, bí olè ò bá gbé e, yóò kú sí ọ lọ́wọ́. Èwo lo fẹ́ nínú méjèèjì?" Jemilat dìde. Ó wọ yàrá lọ, ó pe ọkùnrin náà.

Ọjọ́ Sátidé ló wá. O ì bá wà níbẹ̀, Wàídì! Ìyàwó rẹ ti to wá bí ọmọ ogun. Àǹtí Shukurat wà lórí àga lẹ́bàá ọ̀nà, Muqtadir dúró lẹ́yìn àlejò, Jemilat fúnra rẹ̀ gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ. Ọkùnrin náà bọ́ bàtà, ó dọ̀bálẹ̀ fún Àǹtí Shukurat. A gbé omi fún un, ó ní òun ti mu láti ilé. Jemilat wò wá lójú, bíi pé ṣé ẹ rí i báyìí? Ẹni tí kì í mu omi ilé ẹni!

Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Ó wo fọ́tò tó wà nínú fóònù rẹ̀. Ó tún wo ẹ̀rọ. Ó wá ní, "Ìyá Muqtadir, ẹ dákun, báwo lẹ ṣe ya àwòrán ihò yìí?"

Jemilat sọ ọ́, tìróò àti pépà, bí wọ́n ṣe ń tẹ ẹsẹ̀ tí a fẹ́ ra bàtà fún. Ọkùnrin náà pàtẹ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi yọ lójú rẹ̀. Ó ní, "Àgbà ọgbọ́n ni o! Ṣùgbọ́n nǹkan tí a bá tẹ̀ mọ́ pépà, òdì rẹ̀ ló máa ń jáde. Apá ọ̀tún ti di apá òsì. Èmi rò pé ojú ihò gan-an ni mò ń wò." Ó ní wáyà tó yẹ kó gbọ́rọ̀ lòun so mọ́ ibi tí ẹ̀rọ fi ń gbọ́rọ̀, èyí tó yẹ kó sọ̀rọ̀ lòun so mọ́ ibi tí ẹ̀rọ fi ń sọ̀rọ̀. Ẹnu kọjú sí ẹnu, etí kọjú sí etí. Ta ni yóò wá gbọ́ ta ni?

Ìyàwó rẹ wo pépà rẹ̀, ó wo ẹ̀rọ. Àṣé òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí i! Àmọ́ ṣé o rò pé ó gbé ojú kúrò lára ọwọ́ ọkùnrin yẹn? Rárá o! Ó súnmọ́ ọn sí i ni. Ọkùnrin náà mú irin gbígbóná, ó yọ́ òjé, ó yí wáyà méjèèjì padà sí ipò ara wọn, Jemilat ń mí sí i létí.

Wọ́n ki adápútà bọ̀ ọ́. Dísíkì kérora. Lápútọ́ọ̀pù bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀rọ̀, ìlà kan, ìlà kan, díẹ̀díẹ̀.

Bí a ti ń dúró, Jemilat ò lè mú un mọ́ra mọ́. "Ọ̀gbẹ́ni Fẹ̀hìntọlá, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Kí lẹ fẹ́ gan-an?"

Ọkùnrin náà ò ṣẹ́jú. "Ẹ̀rọ yìí ni mo fẹ́, mà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá irú rẹ̀. Láti orí fọ́tò yẹn ni mo ti fura pé òun ni. Bí ẹ bá fẹ́ tà á lọ́jọ́ kan, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ pè. Bí ẹ ò bá sì tà á, adápútà yín nìyẹn, mo ti ṣe é."

"Mo mọ̀!" Jemilat fò mọ́ Àǹtí Shukurat lọ́rùn. "Àǹtí mi, ẹ gbọ́ ọ? Ẹ gbọ́ ọ létí ara yín? Mo mọ̀!" Ó ti pẹ́ tí a ti rí ìdùnnú lójú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ náà kò sí fún títà. Ọkùnrin náà ní òun ti gbọ́. Ni ìyàwó rẹ bá dìde, ó lọ bu oúnjẹ fún un, ó bù ú kún, ọkùnrin náà sì jẹ ẹ́ mọ́.

Ó kù díẹ̀ kó parí oúnjẹ ni Muqtadir ní gbogbo rẹ̀ ti wọlé. Ó wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ mi orí pé ó yá. Ó tẹ̀ ẹ́.

Wàídì! O tún ń dún! Tín-tín-ín-tìn, bí ìgbà gbogbo, ìbẹ̀rẹ̀ tí o máa ń fi pè wá. Orúkọ ìyàwó rẹ ló tẹ̀ lé e, Jẹ́mílá, Jẹ́mílá. Gbogbo wa gbọ́ ọ. Hasanat tí kì í sọ Yorùbá ló kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde bó ṣe ń dún:

"Jẹ́mílá, ilẹ̀kùn ti tì. Ó ti tì, ó ti tì. Fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ o, wá jókòó, wá jẹun."

Ìwọ ọkùnrin yìí! Bí Jemilat ṣe máa ń ṣe ní gbogbo sàárì nìyẹn. Àwa á ti jókòó, òun á ṣì máa lọ láti géètì dé kíṣìnnì, á máa fa ilẹ̀kùn tó ti tì wò, oúnjẹ rẹ̀ á tutù, ìrun á ká a mọ́ ìdúró.

Jemilat dúró síbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ géètì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti ń dì í mú láti ìgbà tí àlejò ti wọlé. Ó fi í sílẹ̀ lórí tábìlì. Ó jókòó. Ó bú sẹ́kún.

O ò mọ̀, Wàídì. Lọ́jọ́ tí a sin ọ́, ojú ìyàwó rẹ gbẹ. Ó gbẹ nígbà fídáù, ó gbẹ títí opó fi parí. Àwọn kan ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ọkàn rẹ̀ le, kódà nínú àwa ẹbí. Irọ́ ni. Ẹ̀ṣọ́ ló ń ṣe. Ikú wọlé wá gbé ọ lójú rẹ̀, kò lè gbà ọ́ sílẹ̀, ó wá pinnu pé kò sí ohun mìíràn tí wọ́n máa gbé nínú ilé yìí mọ́. Ẹni tó ń ṣọ́ ilé kì í ráyè sunkún. Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, o ní kó jókòó, ó sì jókòó. Ó sun ún, ó sun ún, àwa náà bá a sun ún, àlejò wa gbé àwo rẹ̀ wọ kíṣìnnì lọ fọ̀ ọ́ kó má baà dà wá láàmú.

Ọdún mẹ́ta rèé, Wàídì, ọjọ́ kan ò tíì kọjá tí a ò dárúkọ rẹ. A nífẹ̀ẹ́ rẹ. Ilé yìí ń fẹ́ ọ kù. Kí Ọlọ́hun fi sàréè rẹ ṣe ilé ìmọ́lẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí a tún jókòó pọ̀ ní ibi tí kò sí ìyàtọ̀. Ààwẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Ní sàárì àkọ́kọ́, ìwọ ni yóò jí wa, Jemilat sì ti ṣèlérí pé òun máa jẹ oúnjẹ òun nígbà tó ṣì gbóná.